Bí Ọ̀rọ̀ Kò Bá Yé Aláìsàn, Ẹ̀bi Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ti oṣù yìí kan gbogbo àwa tí a wà ní òkè Ọya níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni ó ní ọmọ, ìyàwó tàbí àbúrò kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láéláé. Ìbéèrè náà nìyí: bí nọ́ọ̀sì bá bá aláìsàn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò yé e, tí ewu sì ti ibẹ̀ wá, ta ni ó jẹ̀bi?

Nígbà tí irú ọ̀ràn báyìí bá ṣẹlẹ̀, gbólóhùn méjì ni a máa ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì a wí pé, "Mo ti sọ fún un." Aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ a wí pé, "Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa." Àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ a sì máa rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà púpọ̀, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Nọ́ọ̀sì la ẹnu, etí aláìsàn sì gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé inú. Sísọ jẹ́ ohun kan, gbígbọ́ jẹ́ ohun kejì, yíyé sì jẹ́ ohun kẹta. Ẹni tí ó bá ṣe ti àkọ́kọ́ tí ó sì rò pé òun ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní òwúrọ̀ ni a máa ń kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ jẹun láti òru. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá fi oògùn mú ènìyàn sùn, ọ̀nà ọ̀fun a dẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá, kí ó gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ikú sì lè ti ibẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì wí pé, "Màmá, ẹ má jẹun o." Màmá dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Nígbà tí ó di ìdájí, Màmá mu ife ẹ̀kọ gbígbóná kan. Bí a bá bi í léèrè, yóò wí pé òun kò jẹun. Kò purọ́. Ní ilé wa, jíjẹ yàtọ̀ sí mímu, ẹni tí ó mu ẹ̀kọ láàárọ̀ sì lè fi ọkàn kan sọ pé òun kò tíì jẹun. Nọ́ọ̀sì náà kò purọ́ nígbà tí ó sọ pé òun ti kìlọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, olúkúlùkù sì mú un lọ sí ilé tirẹ̀. Ìbá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì náà wí pé, "Màmá, bí ẹ̀kọ pàápàá bá wà nínú yín, ó lè gòkè wá sẹ́ ẹ̀mí yín nígbà tí ẹ bá ń sùn," ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà á, Màmá ìbá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife náà kúrò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn ibà tí à ń lò nísinsìnyí, èyí tí a pò mọ́ ara wọn, artemether àti lumefantrine. Àgbàlagbà a máa lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ hóró 24. Ní ọjọ́ kejì ara a fúyẹ́, oníṣòwò a sì padà sí ìsọ̀, a gbé ìyókù oògùn pamọ́ de ìgbà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé fún un pé kòkòrò ibà kò tíì kú tán nígbà tí ara bá fúyẹ́, kò sí ohun tí yóò mú un lo èyí tí ó kù. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ páálí oògùn kò lè ṣe àlàyé náà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Nítorí náà, bí a bá wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì jẹ́ apá kan lára oògùn, a kò sọ àsọdùn. Oògùn tí a kò ṣàlàyé rẹ̀, ààbọ̀ oògùn ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi òwe dá mi lóhùn, yóò wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe àgbà ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òwe náà ti ń ṣiṣẹ́: láàárín àwọn tí ó jọ dàgbà, tí ó mọ ìtàn kan náà, tí ó ń gbọ́ èdè kan náà, tí ara wọn sì dá. Inú ẹni tí irora gbà kò ní àyè tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò ti di odindi. Ìbẹ̀rù a máa jẹ ìdajì, irora a máa jẹ ìdajì tí ó kù. Ní ọsibítù, òwe mìíràn ni ó yẹ kí a kọ sí ara ògiri: àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ìjà tí ti ọsibítù máa ń dá sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Nígbà mìíràn posí ni ó máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin oníṣòwò lè wí pé, "Ní ọjà, ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ni ó jọ ru ẹrù ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà kò bá béèrè dáadáa kí ó tó san owó, ọ̀ràn tirẹ̀ ni. Kí ló dé tí ti ọsibítù yóò fi yàtọ̀?" Ìbéèrè gidi ni èyí, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí ó wá ra aṣọ ní ìsọ̀ yín dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Aláìsàn kò lè kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀, ara ń ro ó, ẹ̀rù ń bà á, kò sì mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni ó dúró, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni abẹ́rẹ́ wà. Níbi tí agbára kò bá ti dọ́gba, ẹrù kò lè dọ́gba. Ẹni tí ó dúró ni kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹni tí ó dùbúlẹ̀, nítorí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò lè nà títí yóò fi kan ẹni tí ó dúró.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò náà kọ́ wa ní ọgbọ́n kan. Bí ẹ bá ń tajà fún ẹni tí kò gbọ́ èdè yín, ẹ kì í sọ iye owó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ń na ìka, ẹ ń ka owó sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ sì ń dúró kí òun náà kà á padà fún yín. Ohun tí ẹ ń ṣe nítorí owó kékeré, ó yẹ kí a ṣe é nítorí ẹ̀mí.

Olùkọ́ pẹ̀lú mọ ọgbọ́n yìí. Ìyá Kofoworola Abeni Pratt jẹ́ olùkọ́ ní Èkó kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1946 ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ métírọ́nì níbẹ̀. Mo máa ń rò pé kò yani lẹ́nu kí olùkọ́ di nọ́ọ̀sì rere, nítorí pé olùkọ́ kì í wí pé òun ti kọ́ ọmọ títí òun yóò fi bi ọmọ léèrè. Ohun kan náà ni àwọn tí ń kọ́ nọ́ọ̀sì lóde òní ń tẹnu mọ́: lẹ́yìn àlàyé, kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọ̀nà tí a gbà béèrè sì ṣe pàtàkì. Bí nọ́ọ̀sì bá wí pé, "Ṣé ó yé yín?" kò sí àgbà Yorùbá tí kò ní dáhùn pé, "Ó yé mi." Ojú a máa ti àgbà láti wí níwájú ọmọdé pé kò yé òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Bàbá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá délé tí Ìyá bá bi yín léèrè, báwo ni ẹ ó ṣe wí pé kí ẹ lo oògùn yìí?" nígbà náà, ìdánwò ti kúrò lọ́rùn Bàbá, ó ti bọ́ sí ọrùn nọ́ọ̀sì. Bí Bàbá bá ṣì í sọ, àlàyé nọ́ọ̀sì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ sì yé.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà, pàápàá ní ìhà tiwa níhìn-ín. Àwọn Hausa a máa kí aláìsàn pé, "Yaya jiki?" òun náà a sì dáhùn pé, "Da sauƙi," ìyẹn ni pé ara ti fúyẹ́. Àwa Yorùbá a máa wí pé, "Ṣé ara ti le?" èsì rẹ̀ a sì jẹ́, "A dúpẹ́." Ẹni tí ó ń kú lọ yóò wí pé a dúpẹ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn sọ pé ara òun ti yá, ó ti kọ ìkíni sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Kí ó kí i, nítorí ẹni tí a kò kí kò ní fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkíni, kí ó jókòó kí ó sì béèrè pé, "Ibo gan-an ni ó ń dùn yín? Láti ìgbà wo? Ṣé ẹ sùn lóru àná?" Florence Nightingale, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1859 lórí ìtọ́jú aláìsàn, kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí láti ẹnu ọ̀nà, bí kò ṣe pé kí a jókòó níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó wa. Ó sì bá àwọn tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítòsí aláìsàn wí, nítorí pé aláìsàn yóò na etí títí, yóò sì rò pé nípa òun ni.

Wàyí o, kí a wá sí ọ̀ràn èdè, tí ó le jù fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó tẹ̀lé ọmọ wá sí òkè Ọya nígbà tí wọ́n ti dàgbà, tí wọn kò gbọ́ Hausa, tí wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nípa iṣẹ́ mi bí akọ̀wé ìjọ, a máa ń pè mí láti bá irú wọn lọ sí ọsibítù kí n ṣe ògbufọ̀. Ní ọsibítù kan, mo bá ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún 12 lọ. Nọ́ọ̀sì ń béèrè ní Hausa, ọmọ ń túmọ̀, ìyá ń dáhùn pé inú rírun lásán ni. Nígbà tí ìyá àgbà kan láti inú ìjọ wa dé, tí a sì ní kí ọmọ náà jáde, ni ìyá náà tó wí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára òun láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ẹnu ọmọ tí ó bí? Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó rí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, ó sì lò ó. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà náà kò bá dé lọ́jọ́ náà, oògùn inú rírun ni wọn ìbá fún obìnrin náà lọ sílé.

Kí a má sì rò pé ibi tí èdè kò bá ti dọ́gba rárá nìkan ni ewu wà. Ewu tí ó tóbi jù wà níbi tí a bá rò pé a ti gbọ́ ara wa. Ní oṣù Kíní ọdún 1980, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, a gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, ọmọ ìdílé tí ó ti Cuba wá, lọ sí ọsibítù láìmọ ara. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé ó jẹ́ "intoxicado". Lójú tiwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun kan tí ó jẹ kò bá a lára mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fara jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún ẹni tí ọtí tàbí oògùn líle ń pa, àwọn oníṣègùn sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí ó lo oògùn líle ní àlòjù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọn tó mọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ. Ẹnikẹ́ni kò pe ògbufọ̀, nítorí tọ̀tún tòsì ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ti yé òun.

Ìjọba wa pàápàá ti fọwọ́ sí i pé ọrùn olùtọ́jú ni ẹrù yìí wà. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, pa á láṣẹ pé kí olùtọ́jú, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, sọ ọ̀rọ̀ àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e, kí ó sì ro bí ìmọ̀wé rẹ̀ ti mọ. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí a gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2018 tún un sọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin kò wí pé kí aláìsàn lọ kọ́ èdè olùtọ́jú.

Nísinsìnyí, ó tọ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà. Nọ́ọ̀sì yóò wí pé, "Ẹ wá wo wọ́ọ̀dù wa lóru. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn pọ̀, iná lọ, omi kò sí. Ẹbí ẹni kan ń bú mi nítorí oògùn tí kò sí ní ọsibítù, ẹbí ẹlòmíràn ń fà mí láṣọ. Ìgbà wo ni n ó jókòó?" Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tí ó fi nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sí ibi tí iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin wà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà, ìpín náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n mo ní èsì méjì. Èkíní, ọ̀rọ̀ dídùn kò gbà ju àkókò tí ọ̀rọ̀ kíkan ń gbà lọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mo ń bọ̀, ẹni tí ó wà níwájú yín ni mo ń dá lóhùn" kò gùn ju "Ṣé ìwọ nìkan ni o wà níbí ni?" lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Èkejì, ìṣẹ́jú tí a kò lò láti ṣàlàyé lónìí, a ó san án padà ní wákàtí nígbà tí aláìsàn náà bá tún padà wá, tí àìsàn rẹ̀ sì ti le sí i.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó le ju èyí lọ, òun ni ti òótọ́. Ẹbí a máa fa nọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá pé àìsàn náà kò gbóògùn. Bí ó bá gbọ́, àyà rẹ̀ yóò já." Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, àṣà wa sì ni pé a kì í já ìròyìn búburú lu ènìyàn lójijì. Ṣùgbọ́n Bàbá náà ní owó tí ó yá ènìyàn, ó ní èyí tí ó jẹ. Ó ní ilẹ̀ nílé tí kò tíì pín, ó ní ọmọ tí wọn kò tíì mọ ara wọn. Bí a bá purọ́ fún un pé yóò dìde lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, a ti jí ọjọ́ tí ó kù fún un láti tún ilé rẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, dídákẹ́ àti irọ́ pípa kì í ṣe ọ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì lè dákẹ́, nítorí dókítà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òfin 2014 náà sì fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀rí tí ó dájú bá wà pé sísọ yóò pa aláìsàn lára. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ purọ́. Bí Bàbá bá bi í léèrè, kí ó bi Bàbá padà pé, "Bàbá, kí ni ẹ rò nípa àìsàn náà? Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà wá bá yín sọ gbogbo rẹ̀, àbí ẹ fẹ́ kí ó bá àkọ́bí yín sọ ọ́?" Báyìí, Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìwọ̀n òótọ́ tí òun lè gbé. Òun ni ó ni àìsàn náà, òun ni ó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Nítorí pé aláìsàn ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, kò gbọdọ̀ di ìtàn. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ ara wa jù. Ohun tí nọ́ọ̀sì rí ní wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Ajé kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, àní bí a tilẹ̀ pè é ní ọ̀rọ̀ àdúrà. Láti ọdún 1953 tí Ẹgbẹ́ Nọ́ọ̀sì Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìlànà ìwà wọn ni pípa àṣírí mọ́ ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan pé a sọ̀rọ̀ àìsàn lágbájá níta, yóò fi tirẹ̀ pamọ́ títí yóò fi bàjẹ́.

Ó kù kí a sọ díẹ̀ nípa bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀mí aláìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu wí pé "gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì" kí ó sì máa lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì òru bá ń fi wọ́ọ̀dù lé ti òwúrọ̀ lọ́wọ́, àárẹ̀ ti mú ẹni tí ń lọ, ẹni tí ń bọ̀ kò sì tíì mọ nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn oníṣègùn Kaiser Permanente ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ọ̀nà náà sì ti tàn ká ayé. Ohun mẹ́rin ni olùsọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wí: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni mo rò pé ó jẹ́, kí ni mo fẹ́ kí a ṣe.

Ẹ̀kẹrin yìí ni ó nira fún ọmọ wa tí a tọ́ dáadáa. A ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í dá àgbà lẹ́kun. Dókítà kọ oògùn, ó fi àmì kan sí ibi tí kò yẹ, ìwọ̀n oògùn sì di ìlọ́po mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì rí i. Ṣé kí ó dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀? Rárá o. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀, kò sí nínú kí a gbé e mì. Kí ó wí pé, "Dókítà, ẹ má bínú o. Mo rí i pé ìwọ̀n yìí ju ti àná lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó fún un." Dókítà tí ó bá bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ọlá ara rẹ̀ ṣáájú ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni. Ó yẹ kí òun náà mọ̀ pé níbẹ̀, òun ni ẹni tí ó dúró, nọ́ọ̀sì ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ẹrù ìrẹ̀lẹ̀ sì ti yí padà sí ọrùn tirẹ̀.

Àwa tí ń lọ sí ọsibítù ńkọ́? Pé ẹrù wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kò wí pé kí àwa jókòó lé e lórí. Bí a bá ti mu àgbo nílé, kí a sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé wa, kí a wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Bí a bá ní láti mú ògbufọ̀ lọ, kí ó jẹ́ àgbàlagbà, kí obìnrin bá obìnrin lọ, kí a má fi ọmọdé ṣe é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, iṣẹ́ kan nìyí tí ẹ lè dì mú nínú ìjọ: kí a mọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbọ́ Hausa dáadáa, tí ẹnu wọn kò sì fẹ́rẹ̀, tí a lè ránṣẹ́ pè lọ́sàn-án àti lóru.

Ní ìparí, èmi dá ìbéèrè wa lóhùn báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé aláìsàn, ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tí ó lágbára láti mú kí ó yé e ṣùgbọ́n tí kò wádìí. Nígbà púpọ̀ nọ́ọ̀sì ni. Nígbà mìíràn dókítà ni, tàbí ọ̀gá tí kò fún un ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ kú ìfaradà, a mọ rírì yín. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: kí ẹ tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí aláìsàn sọ ọ̀rọ̀ yín padà fún yín.